Ṣebí òfurufú tutù, kí ni wọ́n wá ń gbé fíríìjì lọ síbẹ̀ ṣe?

Àbúrò mi kan tó ń tún fíríìjì àti éésì ṣe ló bi mí ní ìbéèrè yìí. A jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, iná ò sí, kò sí iṣẹ́ tó lè ṣe, mo wá ń fi àwọn fọ́tò tí awò awọ̀nàjíjìn James Webb yà hàn án lórí fóònù mi. Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, mo débi tí mo ti sọ pé fíríìjì kan wà nínú awò yẹn tó ń mú nǹkan tutù dé -266°C. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òfurufú tutù ju yìnyín lọ. Ta ló ń gbé fíríìjì lọ sínú yìnyín?"

Ìbéèrè tó dáa ni o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ tí wọn ò rẹ́ni bi. Òfurufú ò tutù lọ́nà tí a mọ òtútù sí nílé. Tí ọyẹ́ bá ń mú ẹ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fọwọ́ kàn ẹ́ tó ń kó ooru ara ẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún kò sí afẹ́fẹ́, kò sí omi, kò sí nǹkan kan tó máa fara kan sátẹ́láìtì. Ẹ rántí fíláàsìkì tí àwọn ìyá wa fi ń gbé omi gbígbóná pa mọ́: ìgò méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín méjèèjì jáde, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí omi àárọ̀ fi lè se tíì ìrọ̀lẹ́. Inú fíláàsìkì tó tóbi jù láyé àtọ̀run ni sátẹ́láìtì wà. Ooru tó bá wọlé sí i lára, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní láti jáde, kó máa tàn jáde bí ẹ̀yinná ṣe ń tan ooru sára ẹni tó jókòó tì í, bí nǹkan bá sì ṣe ń tutù sí i lọ̀nà yẹn ń lọ́ra sí i. Ká má sì gbàgbé oòrùn. Ní ìtòsí ayé wa níbí, ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tó bá dojú kọ oòrùn, bíi wáàtì 1,360 ló ń gbà, áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ wá fi ooru kọ̀ǹpútà, bátìrì àti rédíò tó wà nínú sátẹ́láìtì fúnra ẹ̀ kún un.

Nítorí náà ibòji ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Webb tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Kourou ní French Guiana lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó ní agboòrùn alápá márùn-ún tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì, ó sì jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà. Ẹ̀yìn agboòrùn yẹn tutù gan-an láìsí fíríìjì kankan, bíi -233°C. Mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìyàwòrán tó wà níbẹ̀, mẹ́ta ní èyí tó wọn. Ìkẹrin tí wọ́n ń pè ní MIRI ló ní kò tó òun.

"Kí ló dé tó fi ń ṣàṣejù?" Àbúrò mi ló tún bèèrè.

Kì í ṣe àṣejù. Ìmọ́lẹ̀ tí MIRI ń wá ni infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí ṣùgbọ́n tí gbogbo nǹkan tó bá ní ooru lára ń tàn jáde, èmi, ìwọ, ìkòkò, ògiri, títí kan sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀, ìyẹn ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ gbé garawa síta nítorí pé ẹ fẹ́ ka iye ẹ̀kán òjò tó máa bọ́ sínú ẹ̀, ó sì jẹ́ pé garawa ọ̀hún ń làágùn sínú ara ẹ̀. Ẹ̀kán mélòó ni tòjò, mélòó ni tòógùn? Bó ṣe rí nínú sẹ́ńsọ̀ nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lù ú á ta àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ẹ̀ (àwọn èérún bíńtín tó ń gbé iná) jí, iye tó jí ni wọ́n máa kà. Ṣùgbọ́n ooru náà lè ta wọ́n jí láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan, tí èyí tí ooru ta jí bá ti pọ̀ ju èyí tí ìràwọ̀ ta jí lọ, fọ́tò á kàn dà bíi tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un tí áńtẹ́nà ẹ̀ ti wó ni. Tí ẹ bá wá ń wá infrared tó rẹlẹ̀ gan-an bíi ti MIRI, ìwọ̀nba agbára tó ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jí kéré púpọ̀, ooru kékeré báyìí ti tó láti dá a rú. Ìdí nìyẹn tó fi ní láti tutù dé abẹ́ 7 Kelvin. Kelvin, ẹ máa rí i pé àwọn onímọ̀ fẹ́ràn ẹ̀, torí pé látibi tí kò sí ìsọ̀kalẹ̀ mọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà: òdo ẹ̀ ni -273°C. Nítorí náà 7 Kelvin, ìgbésẹ̀ méje péré ló kù kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ó dáa, báwo la ṣe ń débẹ̀? Láyé àtijọ́ (mo ń sọ láti 1983 síwájú o, kì í ṣe ayé Odùduwà), ohun tí wọ́n ń ṣe ò yàtọ̀ sí ohun tí à ń ṣe tí a bá ń lọ síbi ìnáwó. Ẹ ra yìnyín, ẹ dà á sínú kúlà, ẹ to mínírà sí i. Yìnyín yẹn ń yọ́, mínírà ń tutù, nígbà tí yìnyín bá tán òde ti parí nìyẹn. Awò IRAS gbé híílíọ̀mù olómi, gáàsì tí wọ́n mú tutù títí tó fi di omi, lọ sókè lọ́dún 1983, oṣù mẹ́wàá ló lò kó tó gbẹ. WISE gbé háídírójìn tó dì bíi yìnyín lọ ní ìparí 2009, kí 2010 tó parí ó ti tán. Spitzer ṣe é dáadáa, 2003 sí oṣù Karùn-ún 2009. Herschel ti àwọn ará Yúróòpù gbé híílíọ̀mù tó ju 2,000 lítà lọ, àgbá ràbàtà, ó gbéra lọ́dún 2009, ó gbẹ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin 2013, nǹkan kan ò ṣe awò náà o, dígí ẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, yìnyín inú kúlà ló tán. Èyí dùn mí nígbà tí mo kà á, torí pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó wọ̀n tó báyẹn, ohun tó mú un dákẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó lè lọ bá wọn ra áísì sí i.

Ẹni tó bá wá ti ṣe irú òde bẹ́ẹ̀ rí, èrò tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé kó gbé fíríìjì àti jẹ́nẹ́rétọ̀ lọ. Jẹ́nẹ́rétọ̀ tiwọn ni sólà. Fíríìjì ọ̀hún ló wá kù.

Níbí ni àbúrò mi ti tẹ́tí dáadáa, torí iṣẹ́ ẹ̀ la dé yìí. Ó ní, "Gáàsì wo ni wọ́n ń lò? R600 àbí 134?" Mo rẹ́rìn-ín. Gáàsì inú fíríìjì ilé, ohun tó ń ṣe ni pé á di omi, á tún padà di gáàsì, nígbà tó bá ń di gáàsì ló máa ń kó ooru. Tí ẹ bá gbé gáàsì yẹn lọ síbi -200°C, yóò dì gbagidi bí òkúta, kò ní í yí mọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń dì níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí gan-an á ti di omi. Híílíọ̀mù, èyí tí wọ́n ń fi sínú bàlúùnù ọjọ́ ìbí, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ débi tí MIRI ń fẹ́, òun nìkan ló kù tó ṣì ń ṣe bíi gáàsì, kò ní í domi títí dé -269°C. Òun ni wọ́n sábà ń lò.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń lò ó yàtọ̀ pẹ̀lú. Ẹ ti lo pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rí, àbí? Tí ẹ bá pọ́ǹpù táyà dáadáa, ìdí pọ́ǹpù yẹn á gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fún pọ̀ ló gbóná. Ìdàkejì ẹ̀ náà jóòótọ́: tí ẹ bá jẹ́ kí gáàsì tí ẹ fún pọ̀ fẹ̀ padà, tí òun fúnra ẹ̀ wá ń ti písítìn sẹ́yìn, á tutù, torí pé iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ á náwó, owó tó wà lápò gáàsì ò ju ooru ara ẹ̀ lọ. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn: fún un pọ̀ níbi kan, jẹ́ kó fi ooru sílẹ̀ níbẹ̀, gbé e lọ síbòmíì, jẹ́ kó fẹ̀, kó wá gba ooru lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀, dá a padà, tún un ṣe, ìgbà 50 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pásítọ̀ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ Robert Stirling ló gba àṣẹ ẹ̀tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀ lọ́dún 1816, ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru ṣiṣẹ́, tí ẹ bá wá yí ẹ́ńjìnnì yẹn sẹ́yìn, tí ẹ fi iná wà á, ó di fíríìjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì ń pè é ní Stirling títí dòní.

Ibì kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń rú èèyàn lójú. Híílíọ̀mù yẹn ń lọ ń bọ̀ láàárín ìdí tó gbóná àti orí tó tutù, ṣé kò ní í máa gbé ooru ìdí lọ sórí ni? Kó má bàa gbé e lọ, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tó rí tínrín to ojú ọ̀nà yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lórí ara wọn. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀: bí kálukú ṣe ń wọlé ló ń bọ́ bàtà sílẹ̀, bó ṣe ń jáde ló ń wọ̀ ọ́ padà. Gáàsì tó ń lọ sí orí tútù á bọ́ ooru ẹ̀ sílẹ̀ sára nẹ́ẹ̀tì, á débẹ̀ ní tútù, tó bá ń padà bọ̀ á tún gbé ooru ẹ̀ wọ̀. Lójú tèmi, nẹ́ẹ̀tì yìí gan-an ni fíríìjì ọ̀hún, písítìn kàn ń gbọ̀n ọ́n ni. Tí nẹ́ẹ̀tì ò bá dáa, kò sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó lè gbà á.

Ibi tí wàhálà wá wà nìyí o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù mọ́, ọ̀rọ̀ pé kò sí irú àbúrò mi lókè lọ́hùn-ún ni. Fíríìjì ilé, óyìlì wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀ tí irin fi ń yọ̀ lára irin. Tí ẹ bá fi óyìlì sínú eléyìí, óyìlì á bá gáàsì rìn dé orí tútù, á dì síbẹ̀, á dí nẹ́ẹ̀tì pa. Tí ẹ ò bá sì fi óyìlì sí i, irin á máa ha irin, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ ṣírò ẹ̀, ó ju bílíọ̀nù kan àbọ̀ ìgbà lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Irin wo ló máa fara da ìyẹn fún ọdún mẹ́wàá?

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ló mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí irin má fara kan irin rárá. Písítìn wà nínú sìlíńdà, ṣùgbọ́n àlàfo tó rí tínrín ju irun orí lọ yí i ká, kò kan ògiri, bẹ́ẹ̀ gáàsì ò sì rí àyè sá gba ibẹ̀ kọjá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé písítìn dúró sáàárín gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ní kọ́rọkọ̀rọ bí ìlà ẹ̀yìn ìgbín, àwo yẹn rọ̀ tí ẹ bá tì í síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní í gbà. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń tì í, bí èyí tó wà nínú sípíkà rédíò ṣe ń ti páálí ẹ̀. Yunifásítì Oxford ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí délẹ̀, sátẹ́láìtì UARS tó gbéra lọ́dún 1991 sì gbé irú ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó rọ híílíọ̀mù sínú ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru yan gbogbo inú ẹ̀, wọ́n á máa fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ọ̀rinrin tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ lè gbẹ dànù, torí ẹ̀kán omi kékeré tó bá ṣẹ́ kù, orí tútù ló máa lọ dì sí.

Gbígbọ̀n náà ńkọ́? Ẹ ò lè máa gbọ̀n awò tó ń wo ìràwọ̀, fọ́tò á dàrú. Nítorí náà písítìn méjì ni wọ́n ń kọjú síra wọn, tí ọ̀kan bá wọlé èkejì náà á wọlé, bí ìgbà tí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba ń ti ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan láti ìta, ọ̀kan láti inú: wọ́n ń làágùn, ilẹ̀kùn ò mira. Àwọn míì tún wá yọ gbogbo ohun tó ń rìn kúrò lórí tútù pátápátá, túùbù òfìfo kan ni wọ́n fi síbẹ̀, kí gáàsì inú ẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ṣe bíi písítìn. Irú èyí ló pọ̀ jù nínú àwọn tuntun, kò sì yà mí lẹ́nu, ohun tí kò sí kì í bàjẹ́.

Ti MIRI, méjì ni wọ́n so pọ̀. Irú elétúùbù yẹn ló kọ́kọ́ ń mú híílíọ̀mù tutù, lẹ́yìn náà híílíọ̀mù míì á wá gba ihò bíńtín kan kọjá, bó ṣe ń jáde ní òdìkejì ló ń tutù sí i. Kí ló dé tí wọn ò kúkú lo ihò nìkan? Híílíọ̀mù lágídí. Tí kò bá tíì tutù kọjá bíi -230°C, tó bá gba inú ihò yẹn kọjá, gbígbóná ló máa gbóná dípò kó tutù, àfi tí ẹ bá ti bá a wí débẹ̀ kó tó gbọ́ràn. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀ ò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ o, apá ibi tí oòrùn wà ni wọ́n fi í sí, páìpù tó gùn tó bíi mítà mẹ́wàá ló gbé òtútù gòkè lọ bá MIRI. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ibi tó le jù ni láti 15 Kelvin sí abẹ́ 7, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára ju ooru tó ń wọlé lọ, ó fẹ́ jọ ìgbà tí táńkà ń gun òkè tí ẹ́ńjìnnì ń ké. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2022 ló gùn ún parí.

Owó iná tó ń jẹ ńkọ́? Èyí náà yẹ ká mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó ooru wáàtì kan ṣoṣo kúrò níbi 80 Kelvin wá síbi tí ooru ẹ̀ tó ti yàrá wa, òfin ayé ní ó kéré tán wáàtì 2.75 ni ẹ máa san, kò sí ẹni tó lè ná an wálẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dé 6 Kelvin, ó di wáàtì 49 fún ẹyọ kan. Ìyẹn gan-an lórí ìwé ni o, àwọn kékeré tí wọ́n ń ṣe jáde, wáàtì 20 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń jẹ kí wọ́n tó kó wáàtì kan kúrò ní 80. Ìdí nìyẹn tí wáyà tó lọ bá sẹ́ńsọ̀ fi máa ń rí bí okùn aláǹtakùn, kí ooru má bàa gba ara wáyà wọlé, tí wọ́n sì ń fi bébà dídán we gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló nílò 6 Kelvin, ibẹ̀ làwọn fíríìjì kéékèèké ti wúlò. Ilé iṣẹ́ Lockheed Martin ṣe ọ̀kan tí kò tó ìlàjì kílò, ọwọ́ kan lẹ máa fi gbé e. Irú ẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ Psyche tó gbéra ní oṣù Kẹwàá 2023 lọ bá àpáta onírin kan tó ń yí oòrùn ká, òun ló ń mú kírísítà jẹ̀máníọ́ọ̀mù kan tutù, kírísítà tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe àpáta. Ọkọ̀ MESSENGER tó lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury náà gbé irú kírísítà bẹ́ẹ̀ dání, fíríìjì kékeré onípísítìn ló ń mú un tutù, ọdún 2012 ni fíríìjì yẹn gbẹ́mìí mì. CRISM, ẹ̀rọ kan lára ọkọ̀ tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ká, gbé fíríìjì mẹ́ta dání, bí ẹni gbé táyà sípíà, wọ́n kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan, NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pa á lọ́dún 2023.

Ó wá bi mí, bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa bi mí, "Kò sẹ́ni tó lọ tún ọ̀kan ṣe rí rárá?"

Ó wà. Ẹ̀ẹ̀kan. Awò Hubble ní ẹ̀rọ infrared kan tí wọ́n ń pè ní NICMOS, wọ́n gbé e sí i lọ́dún 1997, náítírójìn tó dì bíi yìnyín ni kúlà ẹ̀. Yìnyín yẹn wú, ó ti inú kúlà títí ibi tí kò yẹ kó kanra wọn fi kanra wọn, ooru rí ọ̀nà wọlé, ohun tó yẹ kó lò tó ọdún mẹ́rin àbọ̀ tán ní oṣù Kìíní 1999. Ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ láìwúlò. Ní oṣù Kẹta 2002 àwọn arìnrìn-àjò òfurufú gbé fíríìjì kan lọ bá a nínú ọkọ̀ Columbia, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n jáde, wọ́n so páìpù mọ́ ọn lára, gáàsì níọ́ọ̀nù ló wà nínú ẹ̀, táábáìnì bíńtín-bíńtín inú ẹ̀ lè yí tó ìgbà 400,000 láàárín ìṣẹ́jú kan láìgbọn awò, NICMOS padà tutù dé bíi -196°C, ó tún ríran.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbéra láti ilé ayé, wọ́n lọ bá fíríìjì nílé oníbàárà lókè ọ̀run, wọ́n so páìpù, ó tutù."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èló ni wọ́n gbà fún wákìmánṣíìpù?"